Ìbejì tí wọn ò mọ̀ yàtọ̀: títún kọ́míìkì olójú ewé 40 yà

Ohun tó wà nílẹ̀

Ìtàn alàwòrán olójú ewé 40 ni, dúdú lórí funfun, kò sí àwọ̀ míì kankan. Ìbejì méjì, obìnrin, tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n pàdé nínú ilé ìyá yẹn láti pín ẹrù, aránṣọ ni ìyá nígbà ayé ẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà dá lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń kọ ìtàn àròsọ ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, èmi ni mò ń yàwòrán. Táíwò ló ń sọ ìtàn náà fúnra ẹ̀, nínú àwọn àpótí ọ̀rọ̀ tó wà lókè páńẹ̀lì, ìyẹn fírémù àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti parí ní pẹ́ńsùlù, a fún àwọn kan kà, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ẹ̀sùn méjì péré: wọn ò mọ èwo ni Táíwò èwo ni Kẹ́hìndé, àti pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ṣé ẹ rí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ yẹn, oògùn ẹ̀ tó yá jù ni ká gé irun ọ̀kan kúrú tàbí ká fi gíláàsì sójú ìkejì, iṣẹ́ bùṣe. Mo kọ̀ jálẹ̀. Gíláàsì á jẹ́ kí òǹkàwé mọ ẹni tó ń wò lóòótọ́, àmọ́ kò ní sọ nǹkan kan fún un nípa irú èèyàn tí ẹni náà jẹ́, ẹ bá sì yọ gíláàsì yẹn kúrò lójú ẹ̀ lójú ewé 20, ó ti tán nìyẹn, ẹni náà ti pòórà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé bí mo bá tiẹ̀ ya ọwọ́ nìkan, ọwọ́ tó mú kọ́ọ̀pù, kí wọ́n mọ̀ pé Kẹ́hìndé nìyẹn.

Nígbà tí mo tún gbogbo ẹ̀ wò látòkè délẹ̀ mo rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀sùn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ torí pé ọwọ́ kan náà ló ya wọ́n, ọwọ́ ẹni tí ò sí nínú ìtàn rárá. Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ torí pé àpótí ọ̀rọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìlà ṣe. Torí náà kí n tó fọwọ́ kan pépà mo kọ ìbéèrè kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú tábìlì mi: TA LÓ MÚ GÈGÉ LỌ́WỌ́? Gbogbo àtúnṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ojú kan, èèyàn méjì

Ojú lọ̀rọ̀ wà, a ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan náà ni èèyàn méjì jọ ń lò ńkọ́? Mo padà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́, Rodolphe Töpffer, ọmọ Geneva, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń to àwòrán tẹ̀lé ara wọn láti fi sọ̀tàn, láwọn ọdún 1830 sí 1840. Lọ́dún 1845 ó ṣe ìwé kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ ojú yíyà, ohun tó sì sọ níbẹ̀ ni pé bó ti wù kí ojú téèyàn yà burú tó, ojú yẹn á ṣáà ní ìṣesí kan, á jọ ojú ẹni tó ń ro nǹkan. Bó ṣe ń wádìí ẹ̀ rọrùn: á ya orí kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, á yí ẹyọ nǹkan kan padà níbẹ̀, á wá wò ó bóyá ìwà ẹni náà ti yí.

Ohun témi náà ṣe nìyẹn. Mo gbé pépà lé gíláàsì tó ní iná nísàlẹ̀, mo ya orí kan náà kún un, imú kan náà, àgbọ̀n kan náà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nǹkan ní ẹyọ ẹyọ. Irun òkè ojú, tí apá ti àárín ẹ̀ bá gòkè díẹ̀, ẹni náà á di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìpéǹpéjú òkè, tó bá wálẹ̀ bo ẹyinjú díẹ̀, kódà kí ẹnu má yí padà rárá, ẹni náà ti di adájọ́. Mo ti rò pé ẹnu ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àmọ́ ojú ló ń darí ẹnu, tí ojú bá ń bínú tí ẹnu ń rẹ́rìn-ín, ojú làwọn èèyàn máa gbà gbọ́. Bí mo ṣe pín in nìyí: ìpéǹpéjú Táíwò ò ní ṣí tán láé, ètè Kẹ́hìndé ò sì ní pàdé tán, àfi lójú ewé 33. Ìyàtọ̀ tó wà lójú wọn ò ju ìyẹn lọ, ó sì tó.

Ẹ wo nǹkan tí Marjane Satrapi ṣe nínú Persepolis, kọ́míìkì nípa ìgbà èwe ẹ̀ ní Iran, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èdè Faransé lọ́dún 2000. Lójú ewé àkọ́kọ́ gan-an, àwọn ọmọbìnrin iléèwé jókòó ní ìlà kan, gbogbo wọn wọ ìborí dúdú kan náà, ara wọn ti di nǹkan kan ṣoṣo, síbẹ̀ ojú àti ẹnu àti irun díẹ̀ tó yọ níwájú orí ti fún kálukú ní tiẹ̀. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kí wọ́n rí bákan náà, ìlà ayàwòrán ń bá wọn jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn ò pọ̀ o, tẹ́ẹ bá kà á lójú ẹnì kan kò ní pé mẹ́wàá tó nítumọ̀.

Ara

Tí mo bá fẹ́ dán ara wò, ṣe ni mo máa ń kun ẹ̀dá ìtàn dúdú pátápátá bí òjìji, kò sójú, kò sáṣọ, kí n wò ó bóyá mo ṣì mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ òjìji méjèèjì dọ́gba gẹ́lẹ́.

Alison Bechdel, nígbà tó ń ṣe Fun Home, kọ́míìkì nípa òun àti bàbá ẹ̀ tó jáde lọ́dún 2006, máa ń ya ara ẹ̀ ní fọ́tò kó tó yàwòrán, á dúró bíi bàbá ẹ̀, á jókòó bíi ìyá ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti wà nínú páńẹ̀lì ló máa dúró bíi wọn. Mo jí ọgbọ́n yẹn. Mo gbé fóònù sórí àpótí, mo ṣètò táímà, mo jókòó bíi Táíwò, mo tún jókòó bíi Kẹ́hìndé. Ara máa ń mọ nǹkan tí orí ò tíì mọ̀: bí mo ṣe jókòó sétí àga bíi Kẹ́hìndé báyìí, ọwọ́ mi méjèèjì gba abẹ́ itan lọ fúnra wọn. Ọ̀rẹ́ mi ò kọ ìyẹn sínú ìtàn o. Àmọ́ ó ti wà lójú ewé 6 báyìí, ó tún wà lójú ewé 17, torí ọmọ tí wọ́n ti ń pariwo mọ́ láti kékeré pé kó má fọwọ́ kan nǹkan ló máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ò sì wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé ẹ̀. Táíwò ní tiẹ̀ jókòó kún àga, báàgì ẹ̀ wà lórí àga kejì, kò sì ní gbé e kúrò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń wò, ẹni tí wọ́n ń wò

Ibí ni iṣẹ́ ti wá dùn mọ́ mi jù lọ. Scott McCloud sọ nǹkan kan nínú Understanding Comics, ìwé ẹ̀ lórí bí kọ́míìkì ṣe ń ṣiṣẹ́, ọdún 1993, pé ojú tí ìlà ẹ̀ ò pọ̀ rọrùn fún òǹkàwé láti kó sínú ẹ̀, pé ojú tí wọ́n yà fínnífínní ní tiẹ̀, òde la ti ń wò ó, ẹlòmíì ni. Èmi ò gbà pé òfin ni ṣá, mo ti bá àwọn ojú tó kún fún ìlà sunkún rí. Àmọ́ irinṣẹ́ gidi ni.

Táíwò ló ń sọ̀tàn, àbí? Ẹni tó ń sọ̀tàn kì í rí ojú ara ẹ̀. Torí náà mo dín ìlà ojú Táíwò kù títí ó fi ku ojú, ìpéǹpéjú, imú tó jẹ́ ìlà kan, ẹnu. Kẹ́hìndé wá ni mo da gbogbo ìlà bò: ìhunjọ iwájú orí, awọ ọrùn, òwú tó já létí kọ́là, èékánná tó kán, torí pé ojú Táíwò ò kúrò lára ẹ̀, àlébù ló ń wá kiri. Ẹ ò rí i, ìlà pọ̀ lára Kẹ́hìndé àmọ́ Táíwò ni ìlà yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Mi ò nílò kí Táíwò sọ pé òun ò fẹ́ràn ọmọ ìyá òun. Ó ń sọ pé òun fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, lójú ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi rí ojú ewé 4 tuntun ó ní, “Kí ló dé tí Kẹ́hìndé fi gbó tó báyìí, ṣebí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn?” Mo ní, “Ó gbó lójú ta ni?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Háà, ìwọ náà burú.”

Gègé àti búrọ́ọ̀ṣì

Ìwà tún wà nínú ìlà fúnra ẹ̀, kí ẹ tó mọ ohun tó yà. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti Táíwò, bírò íǹkì oní mílímítà 0.3 ni mo fi yà á, ìlà tí fífẹ̀ ẹ̀ ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, rúlà ni mo sì fi fa etí tábìlì àti fèrèsé. Obìnrin tó máa ń ní ibi tí gbogbo nǹkan ń gbé ni. Kẹ́hìndé, búrọ́ọ̀ṣì ni, íǹkì dúdú, ìlà tó ń sanra tó ń tín-ín-rín, tó máa ń já níbòmíì, èèyàn ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì purọ́ púpọ̀ torí tí ọwọ́ bá gbọ̀n ó ti wà lórí pépà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí èyí ṣe lè lọ jìnnà tó kó wá Asterios Polyp, kọ́míìkì tí David Mazzucchelli ṣe, ó jáde lọ́dún 2009. Asterios, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yàwòrán ilé tẹ́nikẹ́ni ò tíì kọ́ ìkankan nínú ẹ̀, ara ẹ̀ máa ń di àpótí àti páìpù aláwọ̀ búlúù. Hana ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ agbẹ́gilére, ìlà wẹ́wẹ́ pupa ló kóra jọ di òun. Tí wọ́n bá gbọ́ra wọn yé ọnà méjèèjì á wọnú ara wọn, tí ìjà bá dé kálukú á padà sínú tiẹ̀. Kódà bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yàtọ̀ síra. Ìbejì Asterios tí wọ́n bí ní òkú ló sì ń sọ̀tàn níbẹ̀! Nítorí ìyẹn mo ti ìwé yẹn mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mi ò ṣí i títí mo fi parí, kí ọwọ́ ẹlòmíì má lọ wọ ọwọ́ mi láìmọ̀.

Ìṣòro kan yọjú tí mi ò rí ojútùú sí kíákíá: àwọn nǹkan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ńkọ́, ògiri, àga, kọ́tìnì? Mo fi gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó bá ń sọ̀tàn lọ́wọ́. Àfi ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ yẹn, fọ́tò ni mo wò yà á, síkúrù kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́, bẹ́líìtì, àyíká ẹ̀, ọwọ́ kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé, ì báà jẹ́ Táíwò ló ń wò ó tàbí Kẹ́hìndé. Ẹ̀rọ ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo parí ìpinnu yẹn ni ìtàn náà jókòó lórí ìjókòó ẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ inú àpótí

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ìyẹn nìṣòro ẹ̀sùn kejì. Mo tẹ gbogbo àpótí ọ̀rọ̀ jáde lọ́tọ̀ láìsí àwòrán, mo tẹ àwòrán jáde lọ́tọ̀ láìsí ọ̀rọ̀, mo ka kálukú bí ẹni pé èkejì ò sí. Ibi tí méjèèjì bá ti ń sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ ló máa lọ, n kì í bá a dúnàádúrà.

Ojú ewé 9 ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: “Mo wọlé, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá wa níbi tó máa ń wà, inú mi bàjẹ́. Kẹ́hìndé ti dé ṣáájú mi.” Nísàlẹ̀ ẹ̀, Táíwò lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀rọ, Kẹ́hìndé. Gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ sọ la tún yà. Bó ṣe wà báyìí: “Mi ò wá torí ẹ̀rọ.” Páńẹ̀lì kan ṣoṣo, ìka Táíwò ti fa ìlà gba inú eruku orí ẹ̀rọ kọjá, báàgì ẹ̀ ṣì wà léjìká, kò tíì jókòó, kò tíì kí ẹnikẹ́ni, apá kan Kẹ́hìndé ló hàn létí ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, ẹ ti mọ ohun tó wá ṣe, ẹ mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ohun tóun wá ṣe nìyẹn, ẹ sì mọ ẹni tó rí i.

Ojú ewé 14 náà bẹ́ẹ̀. Àpótí ní, “A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.” Páńẹ̀lì mẹ́rin, Táíwò nìkan ló ń rẹ́rìn-ín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Kẹ́hìndé ń ká aṣọ, ìdì aṣọ yẹn ń ga sí i láti páńẹ̀lì kan sí èkejì títí ó fi bo àgbọ̀n ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá sọ ọ́ di àṣejù o. Tí ohùn asọ̀tàn àti àwòrán bá ń ta kora wọn lójú ewé gbogbo, kò ní pẹ́ tí òǹkàwé á fi mọ ìdọ́gbọ́n yẹn, á kàn máa yí gbogbo ọ̀rọ̀ Táíwò padà sẹ́yìn, ó ti di eré ọmọdé nìyẹn. Táíwò kì í sì í ṣe òpùrọ́, ohun tó ń sọ dá a lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kó jàre láwọn ibì kan: lójú ewé 11 ó sọ pé Kẹ́hìndé á mú àlùmọ́gàjí ìyá àwọn pamọ́, ẹ̀yin náà á ti máa rò pé Táíwò tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá rí Kẹ́hìndé nínú páńẹ̀lì tó kàn, ó ń mú àlùmọ́gàjí pamọ́ lóòótọ́. Ẹ ò wá mọ ẹni tẹ́ẹ máa gbà gbọ́ mọ́, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe irú nǹkan báyìí, èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni Maus ti Art Spiegelman, apá kìíní jáde ní ìwé lọ́dún 1986, apá kejì lọ́dún 1991. Vladek, bàbá Spiegelman, ń sọ ohun tójú ẹ̀ rí lábẹ́ àwọn Násì, ọmọ ẹ̀ ń yà á: ẹnu bàbá, gègé ọmọ. Ọmọ yẹn ò tún èdè bàbá ẹ̀ ṣe, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ lẹ́nu àgbà náà sílẹ̀ bó ṣe wọ́, a sì ń gbọ́ ibi tí bàbá ti wá nínú bó ṣe ń to ọ̀rọ̀. Àwọn Júù ní orí èkúté, àwọn ará Jámánì ní orí ológbò, ó wá di ibì kan láàárín ìwé, kọ́míìkì kúkúrú kan tí Spiegelman ti ṣe tẹ́lẹ̀ lórí ikú ìyá ẹ̀ dédé wọlé síbẹ̀, èèyàn gidi ni wọ́n níbẹ̀, dúdú kíjikíji, bí nǹkan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìrora ọmọ yìí ò jọ ti bàbá ẹ̀. Ọwọ́ yí padà, a ti mọ̀.

Ibi tí mo ti gé ọ̀rọ̀ jù ni ojú ewé 23 àti 24, ibẹ̀ ni ìjà ti parí. Kò sí àpótí kankan. Obìnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ojú ewé kìíní láìsinmi, kò rí nǹkan sọ. Ọ̀rẹ́ mi bá mi jà lórí èyí, torí ibẹ̀ ni gbólóhùn tó dùn mọ́ ọn jù lọ wà, gbólóhùn yẹn sì dáa lóòótọ́. Ó ti lò ó nínú nǹkan míì báyìí.

Lẹ́tà

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ́míìkì á kọ́kọ́ pàdé fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì, lẹ́tà ńlá nìkan ni, wọn ò sì ro àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ní kóòdù fún Ẹ, Ọ, Ṣ, àmọ́ Ẹ tó tún gbé àmì ohùn lórí kò ní kóòdù tiẹ̀, àmì yẹn á wá gun orí lẹ́tà lọ́tọ̀ ni, tí fọ́ǹtì ò bá mọ bó ṣe máa gbé e, á lọ fò síbòmíì. Ohun kejì ni àyè: àmì tó wà lábẹ́ ìlà òkè àti àmì tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ á máa kan ara wọn, ẹ gbọ́dọ̀ fẹ àárín ìlà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bàlúùnù ọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn máa ń wà, á tóbi sí i, àyè àwòrán á dín kù. Mo kúkú fi ọwọ́ kọ gbogbo ẹ̀.

Ọwọ́ tí mo sì fi kọ ọ́ ti di ìwà. Lẹ́tà Táíwò dúró ṣánṣán, kò sí àmì ohùn tó sọnù, ẹni tó máa ń bá ọmọlọ́mọ tún èdè ṣe ni. Kẹ́hìndé kì í fi àmì kankan sí i, ṣe ló máa ń kọ ọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kálukú kó fi ọgbọ́n orí kà á. Ó wú mi lórí gan-an torí ibi méjì wà tí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé fi lè jẹ́ nǹkan méjì, Táíwò sì mú èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohùn rírẹlẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, lẹ́tà kékeré nínú bàlúùnù ńlá, òfìfo tó yí i ká ló ń sọ bó ṣe rọra sọ ọ́ tó.

Ojú ewé 19 sí 22, ìjà

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ewé Táíwò jẹ́ páńẹ̀lì mẹ́sàn-án tó dọ́gba, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, rúlà ni mo fi fa fírémù ẹ̀. Lójú ewé 19 ọwọ́ Kẹ́hìndé, tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì yà, kọjá fírémù fún ìgbà àkọ́kọ́, ó na ìka wọ páńẹ̀lì tó kàn, ó fẹ́ mú bọ́tìnnì kan lórí tábìlì. Bọ́tìnnì lásán. Láti ibẹ̀ ni fírémù ò ti tọ́ mọ́.

Ojú ewé 21, páńẹ̀lì kan gba ìdajì ìwé: ojú méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, igun kan náà, ibi kan náà ni iná ti ń bọ̀, ọ̀kan ní bírò, ọ̀kan ní búrọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ẹ bá fi ọwọ́ bo ìpéǹpéjú ti ọ̀kan àti ètè ti ìkejì, ẹni kan náà ni wọ́n. Àpótí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gùn bí ìwé ẹ̀bẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni, “Mo dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́,” bàlúùnù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ sì ní etí ṣóńṣó ṣóńṣó, lẹ́tà inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó ti kà á ló rẹ́rìn-ín níbẹ̀, láàárín ìjà, mi ò sì rò pé ẹ̀rín yẹn ba nǹkan kan jẹ́.

Ojú ewé 27

Kẹ́hìndé gba ìtàn. A ò kéde ẹ̀. Àpótí pòórà, ọ̀rọ̀ dúró lásán lórí àwòrán láìsí fírémù, láìsí àmì ohùn, búrọ́ọ̀ṣì gba ògiri àti àga. Ojú Kẹ́hìndé wá di ìlà díẹ̀, ìhunjọ yẹn lọ, òwú kọ́là lọ, ó jọ ọmọdé. Táíwò wá dé, fún ìgbà àkọ́kọ́ a rí Táíwò fínnífínní, gbogbo ìlà tó ti sá fún láti ojú ewé kìíní.

Ìpéǹpéjú yẹn ò yí padà o, bí mo ṣe ń yà á látẹ̀yìn ni mo ṣe yà á. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú awọ dúdú tó wà lábẹ́ ojú ẹ̀ báyìí, ẹni tẹ́ẹ ti ń pè ní adájọ́, ẹ rí i pé kò tíì sùn ni, láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.

Ìrántí kan náà wà nínú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ewé 12 Táíwò rántí ìyá wọn tó ń kọ́ Kẹ́hìndé bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ ìyá tóbi, ó gba Kẹ́hìndé mọ́ra, Táíwò wà lókèèrè. Lójú ewé 30 Kẹ́hìndé rántí ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ìyá la rí, ọwọ́ yẹn kéré, ó sì wà lórí ẹ̀rọ, Kẹ́hìndé ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀ torí ojú ìyá ò ríran dáadáa mọ́. Mi ò fi fírémù onígbì sí i láti fi hàn pé ìrántí ni, nǹkan yẹn máa ń bí mi nínú níbikíbi tí mo bá ti rí i, òǹkàwé kì í ṣe òmùgọ̀. Aṣọ ìyá tó jẹ́ ọ̀kan náà ti tó.

Ìtẹ̀wé

Mo yà á ní ìlọ́po kan àbọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ìlà 0.3 á di 0.2 tó bá dé orí ìwé. Mo fi skáànù gbé e ní 600 dpi, ìyẹn àmì tó-tò-tó 600 nínú ínṣì kan, mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun pátápátá, kò sí àwọ̀ eérú láàárín, torí tí eérú bá kù díẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sọ ọ́ di àmì tó-tò-tó, ìlà búrọ́ọ̀ṣì á wá jọ aṣọ tí kòkòrò jẹ. Nígbà tí ẹ̀dà àyẹ̀wò dé, ìlà Táíwò dúró dáadáa, ti ojú Kẹ́hìndé ló pa pọ̀ níbi méjì tó di àbàwọ́n, mo yọ díẹ̀ nínú ìhunjọ iwájú orí ẹ̀ lójú ewé 4 àti 8, mo fẹ àárín àwọn tó kù. Ojú ewé 33, níbi tí ètè ẹ̀ ti pàdé, ìlà yẹn ti tín-ín-rín jù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó sanra tún un fà.

A gbé e fún àwọn tó kọ́kọ́ kà á. Kò sẹ́ni tó béèrè èwo ni Táíwò mọ́. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn béèrè ni pé ta ló wá purọ́ nínú àwọn méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn kíá, ó ní Táíwò ni. Èmi ní Kẹ́hìndé ni, ẹ lọ wo ìwọ̀n ọwọ́ ìyá lójú ewé 30 kẹ́ẹ tún wo ti ojú ewé 36. A ń jiyàn ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ a ti fẹnu kò pé kò sí àpótí ọ̀rọ̀ kankan tó máa wọ ibẹ̀, fáìlì ti lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.